Omi Tí Kò Kún Korobá àti Ògiri Ẹ̀yìn Kíláàsì

Omi tí kò kún korobá kan ló gbé ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ mi nílẹ̀, òun àti àga tó jókòó lé. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan àga náà, kò sì sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Pákó fífẹ̀ kan ló wà lábẹ́ àga, tíúbù táyà mọ́tò ló wà lábẹ́ pákó, rọ́bà tínrín kan sì nà láti ẹnu tíúbù náà lọ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí àwọn ọmọbìnrin kan ti ń fi ife da omi sí i. Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn ti jẹ́ kí n rí ohun púpọ̀ ní Lokoja yìí. Mo ti rí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù nígbà omíyalé. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ bí ti ọjọ́ náà.

Òjò ọdún yìí ni, lásìkò tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ ní Lokoja tí kì í fẹ́ dá. Ilé-ìwé náà wà ní apá Gadumo, níbi tí ilẹ̀ ti ń gòkè. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ọmọ mi ló ṣètò gbogbo rẹ̀, obìnrin ará Yàgbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-ìwé náà ní táàmù yẹn. Kì í ṣe pé ó fẹ́ dá wọn lára yá. Ó ń wá ọ̀nà láti kó àwọn ọmọ kíláàsì kejì girama kúrò nínú yàrá kan kí ògiri tó wó lù wọ́n, àwọn tó láṣẹ láti kó wọn kúrò kò sì gbà pé ewu kankan wà. Ọmọ mi obìnrin jókòó sí yàrá náà, ìjókòó rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ògiri.

Ẹni tó bá mọ Lokoja mọ̀ pé ìlú yìí há sáàárín òkè àti odò. Ẹni tí kò bá rí ilẹ̀ rà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ á gé ìdí òkè, á mọ ògiri gíga síbẹ̀ kí ilẹ̀ má baà ya wọ inú ilé. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ kì í mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ láìki ègé páìpù bọ̀ ọ́ lára, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí omi tó bá wọ inú ilẹ̀ lè rí ibi jáde. Bí òjò bá dá, àwọn páìpù náà á máa tú omi fún wákàtí púpọ̀. Àwọn ìyá ilé á gbé báàfù sábẹ́ wọn, wọ́n á fi omi náà fọ aṣọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó dé Lokongoma, omi ara ògiri aládùúgbò mi ni ìyàwó mi fi ń fọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ.

Ilé-ìwé náà ní irú ògiri yìí lẹ́yìn kíláàsì. Ó ga dé ibi tí òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì sún mọ́ kíláàsì débi pé àgbàlagbà lè fi ọwọ́ kan kan fèrèsé kó fi èkejì kan ògiri. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ejò kan yọ orí jáde láti inú ọ̀kan nínú àwọn páìpù náà lásìkò tí àwọn ọmọ ń ṣe ìṣirò. Wọ́n bẹ́ láti ojú fèrèsé ìhà kejì. Kò bu ẹnikẹ́ni ṣán, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ dé gbogbo ilé. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ṣèpàdé. Alága wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé náà, mú bíríkìlà wá. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ẹnu páìpù, wọ́n rẹ́ ògiri náà dán, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí ilé-ìwé ń lò.

Ọ̀gá ilé-ìwé sọ fún mi pé inú gbogbo ènìyàn dùn. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ alága níwájú àwọn ọmọ,” ó ní. “Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kò tún sí pé omi ń ba ògiri jẹ́, kò tún sí ejò. Ṣé a tún fẹ́ ju ìyẹn lọ ni?”

Àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹni tí kò bìkítà. Àwọn tó fẹ́ràn ọmọ wọn ló ṣe é, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kò sí omi tí ìkankan nínú àwọn páìpù náà ń tú.

Ọmọ mi ló máa ń ròyìn iṣẹ́ olùkọ́ tuntun náà fún wa bí a bá ń jẹun alẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní olùkọ́ gbé korobá omi lé orí ọmọ kan láìlo òṣùká, ojú ọmọ náà fún pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ká aṣọ, ó fi ṣe òṣùká fún un, ó tún gbé korobá kan náà lé e, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ bi wọ́n bóyá omi náà ti dín kù. Wọ́n ní rárá. Ó ní ohun tí korobá fi ń tẹ orí mọ́lẹ̀ ni à ń pè ní ipá, ipá náà kò sì yí padà. Òṣùká ló tẹ́ ẹ sí ojú ibi tó fẹ̀. Bí ipá bá kóra jọ sí ojú kékeré, ó ń dunni. Bó bá tàn kálẹ̀, ara á gbà á. Bó ṣe kóra jọ tàbí bó ṣe tàn kálẹ̀ yẹn ni ìfúnpá. Ìyàwó mi, tó ti ru omi láti kékeré, dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó ní òun ti ń lo òṣùká láti ìgbà tí òun ti gbọ́njú, ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún òun rí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ mú ike omi kan, ó fi ìṣó gbígbóná lu ihò sí i lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ó sì bu omi kún un. Omi tó jáde lókè rọra ń ṣàn wálẹ̀ lára ike. Ti àárín fò jìnnà díẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló fò jù, ó rin ìwé ọmọ tó jókòó níwájú. Olùkọ́ ní bí omi bá ṣe ga tó lórí ihò ni yóò ṣe tì í jáde tó. Ó wá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: bí òjò bá dá, kí kálukú lọ wo ògiri ìdí òkè tó wà ládùúgbò rẹ̀, kó wo páìpù tó ń tu omi jìnnà jù.

Àwọn ọmọ mú èsì dé láti Ganaja, láti Lokongoma àti láti Gadumo. Gbogbo wọn ní ti ìsàlẹ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní ògiri tí òun wò kò ní páìpù rárá. Nígbà tí olùkọ́ bi í léèrè ibi tí ògiri náà wà, ó nawọ́ sí ojú fèrèsé.

Olùkọ́ náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fún mi, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. “Mo jáde lọ síbẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri, ó tutù bí ara ìkòkò omi. Ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ ti wú, ó ń bó. Mo ní kí àwọn ọmọ bá mi na okùn láti igun kan dé èkejì, okùn kò sì lè tọ́. Àárín ògiri ti yọ ikùn. Mo padà sínú kíláàsì, mo ní kí wọ́n gbé ìwé wọn ká lọ sábẹ́ igi.”

Láti ọjọ́ náà, abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń kọ́ wọn. Kò pẹ́ tí òjò fi ń lé wọn kiri. Ọmọ mi dé sílé pẹ̀lú aṣọ tó rin gbingbin. Àwọn òbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé wọn kò sanwó kí wọ́n máa kọ́ ọmọ wọn lórí yanrìn. Èmi náà lọ síbẹ̀ láti ráhùn ni. Bí mo ṣe bá ìpàdé pàdé nìyẹn ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé: ọ̀gá lórí àga rẹ̀, alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, olùkọ́ lórí ìdúró.

Mo kí wọn. Olùkọ́ gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé ará ilé ni mí, ó fi ìkíni ilé wa kí mi, “Ọ̀kun o.” Mo dá a lóhùn bí a ti ń ṣe ní Ìjùmú. Alága ní kí a má dìtẹ̀ mọ́ òun ní èdè ilé wa o, nítorí òun náà gbọ́ ọ. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Alága kì í ṣe ènìyàn líle. Ó sọ̀rọ̀ bí bàbá. Ó ní òun mọ̀ pé olùkọ́ fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí a fi ọgbọ́n ṣe é. “Àǹtí Omi,” ó ní, nítorí orúkọ tó ti sọ ọ́ nìyẹn, “Odò Ọya wà lọ́hùn-ún. Bó bá kún, kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ló wà lẹ́yìn ògiri wa? Iyẹ̀pẹ̀ ni. Omi mélòó ni iyẹ̀pẹ̀ lè mu tí yóò fi ti ògiri búlọ́ọ̀kù wó?”

“Bó ṣe pọ̀ tó kọ́, sà,” olùkọ́ dáhùn. “Bó ṣe ga tó ni.”

Alága wò mí bí ẹni pé kí n gbè é lẹ́yìn. Ká sòótọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn mi wà. Mo ti kọ nípa omíyalé títí, ohun tí mo sì mọ̀ nípa omi ni pé èyí tó bá pọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ibi. Mo rí omi tó gbé afárá kékeré lọ, kì í ṣe omi inú iyẹ̀pẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó wá dá ẹjọ́ náà. Ó ní ìdánwò yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kò sì lè ṣe ìdánwò lábẹ́ igi nínú òjò. Gbogbo yàrá yòókù ti kún. Lọ́jọ́ Ajé, kíláàsì kejì yóò padà sí yàrá wọn. Bí ẹnjiníà ìjọba bá ráàyè wá lẹ́yìn ìdánwò, kó wá wò ó.

Olùkọ́ kò jiyàn. Ó ní kí ọ̀gá jọ̀wọ́ ṣe ohun kan fún òun kó tó di ọjọ́ Ajé: kó wá jókòó lórí àga kan ní àgbàlá.

Ọ̀gá ilé-ìwé wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀. “Ṣé èmi lo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni? Ara tèmi kì í ṣe kékeré o.”

“Ìdí tí mo fi yàn yín nìyẹn, mà,” olùkọ́ ní. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lásìkò ìsinmi, gbogbo ilé-ìwé ti pé sí àgbàlá. Olùkọ́ ti gba tíúbù ògbólógbòó kan lọ́wọ́ fọganáísà tó wà lójú ọ̀nà Ganaja. Fọganáísà náà ló bá a yọ irin kékeré tó wà ní ẹnu tíúbù, tó sì fi okùn rọ́bà so ìdí rọ́bà tínrín mọ́ ọn kó má jò. Rọ́bà náà jẹ́ irú èyí tí àwọn bíríkìlà ń bu omi sí láti fi wo bóyá igun ilé méjì dọ́gba. Ó mọ́ gaara, ènìyàn lè rí omi nínú rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì náà, tèmi pẹ̀lú wọn, gbé òkè rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ki àrọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Korobá omi kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò kún.

Alága fi ẹsẹ̀ tẹ pákó wò. Ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní kò sí jáàkì níbẹ̀, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá jókòó, ó kó gèlè rẹ̀ jọ, ó gbé báàgì lé itan, bí ẹni tó wọ mọ́tò tó ń lọ sí Kabba.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da omi. Mo rí i tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ nínú rọ́bà, tó wọ tíúbù, tí kò sì sí ohun tó yí padà. Wọ́n tún da òmíràn. Alága ní, “Àǹtí Omi, ó jọ pé omi rẹ ti sùn lọ.” Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kàn ń ṣe àmì fún àwọn tó wà lókè pé kí wọ́n má dúró.

Tíúbù ti mu omi yó. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nínú rọ́bà tínrín, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ga dé ibi orúnkún mi, pákó dún. Nígbà tó ń sún mọ́ ìbàdí mi, ọ̀gá ilé-ìwé di apá àga mú.

“Ẹ dákẹ́,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. “Mo ń lọ sókè.”

Alága tún kúnlẹ̀. Ibi tí pákó ti sún mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí tẹ́lẹ̀ ti ń yọ ojú. Ó ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ pákó, ó wọlé. Ó yí ọwọ́ náà dúró ní ìbú, ó ṣì wọlé. Ó wo rọ́bà tínrín náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó tún wo obìnrin tó jókòó lórí àga, ó wo korobá tó wà ní òkè. Omi ṣì kù nínú korobá náà.

Olùkọ́ wá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ló sì ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe alága. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. “Omi tó dúró nínú rọ́bà yìí kò tó èyí tí ẹ fi ń fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ṣùgbọ́n ó ga. Bó ṣe ga yẹn ló ń tì, ibi gbogbo tí omi kàn nínú tíúbù ló sì ń tì bákan náà. Tíúbù fẹ̀, nítorí náà ipá rẹ̀ pọ̀. Tí mo bá mú rọ́bà yìí kúrò, tí mo fi àgbá ńlá tí omi rẹ̀ ga bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀, títì náà kò ní fi nǹkan kan ju èyí lọ.”

Ó ní kí àwọn ọmọ tó wà lókè máa gbé ẹnu rọ́bà sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnu rọ́bà ṣe ń bọ̀ nílẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde níbẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé sì ń rọ̀ wálẹ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, títí pákó fi tún bà lé ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

“Ẹnu tí omi gbà jáde yẹn, mà,” olùkọ́ ní, “òun ni àwọn páìpù tí a dí. Omi lẹ́yìn ògiri wa lè má nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bó bá ti kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bí odò ni yóò ṣe ti ògiri náà.”

Ọ̀gá ilé-ìwé dìde. Ó rìn tààrà lọ sí yàrá kíláàsì kejì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa bẹ́ǹṣì jáde. Àwọn olùkọ́ yòókù sáré bá a. Kí agogo òpin ìsinmi tó lù, yàrá náà ti ṣófo, wọ́n sì ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Oníròyìn kì í gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sí etí odò, níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, tí ti Ọya àti ti Bẹ́núé ń rìn pọ̀ tí àwọ̀ wọn kò sì tíì dàpọ̀. Mo wá ọkùnrin kan lára àwọn tó ń mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ odò láti wa yanrìn. Mo mọ̀ pé bí odò bá kún jù, ó máa ń mòòkùn bá wọn gbẹ́ ìsàlẹ̀ kànga jíjìn nínú ìlú. Mo bi í bóyá odò tó fẹ̀ tó báyìí kì í fún etí rẹ̀ pọ̀ ju kànga lọ. Ó rò ó díẹ̀. “Bí mo bá jìn bákan náà,” ó ní, “etí mi kò mọ odò yàtọ̀ sí kànga.” Mo dúró síbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tó ti lọ. Gbogbo omi tó wà níwájú mi, tó ti Guinea àti Cameroon rìn dé, tó fẹ̀ débi pé ilé tó wà ní òdì kejì dà bí hóró iyọ̀, kò fún etí ọkùnrin náà ju bí omi inú ihò tóóró kan ṣe fún un lọ. Mo ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìí láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé n kò tíì wò ó rí.

Òjò rọ̀ di òwúrọ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, alága mú bíríkìlà tó dí páìpù náà padà wá, ọmọ mi sì ní dandan ni kí òun bá mi lọ. Olùkọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró kọjú sí ògiri. Bíríkìlà dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó fi irin gígùn gún sìmẹ́ńtì tó wà lẹ́nu páìpù òkè. Omi rọra yọ, ó ń ṣàn sílẹ̀ lára ọ̀dà. Ó gún ti àárín. Omi pupa fò jáde, ó bọ́ sáàárín ọ̀nà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gún ti ìsàlẹ̀.

Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí i ló kọ́kọ́ jáde, bí ìdérí ìgò. Omi tẹ̀ lé e, ó nà tàn-ìn bí ọ̀pá, ó ré kọjá ọ̀nà, ó lu ògiri kíláàsì lábẹ́ fèrèsé gan-an, ẹrẹ̀ sì ta gba àárín gíláàsì fèrèsé wọ inú yàrá tó ṣófo. Bó ṣe ń lu ògiri yẹn ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Kò dáwọ́ dúró. Ṣọ́jà àtijọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ilé-ìwé náà, Hausa ni, ó kàn ń sọ pé, “Ikon Allah,” ìyẹn agbára Ọlọ́run, lábẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Dádì, ibi ìjókòó mi nìyẹn.”

Alága bọ́ fìlà. Ó kọjú sí olùkọ́. “Mo rò pé ejò ni mò ń dí ọ̀nà mọ́,” ó ní. Kò tún pè é ní Àǹtí Omi. Olùkọ́ kò yọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀rù ejò ń ba òun náà, àti pé ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ló ń bẹ̀rù ejò fún wọn. Lẹ́yìn náà, ó yíjú sí omi náà, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo bi í bóyá ó yà á lẹ́nu, òun tó ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

“Ó ń yà mí lẹ́nu nígbà gbogbo,” ó ní. “Inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Inú ìwé kì í dún báyìí.”

Omi náà ṣàn títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó rọ̀, a rí ohun tí ọ̀dà ti bò mọ́lẹ̀: ìlà kan tó là láti igun ògiri dé àárín rẹ̀, tó fẹ̀ tó ibi tí ẹyọ owó lè wọ̀.

Ẹnjiníà láti ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kò dúró de òpin ìdánwò. Ó na okùn tirẹ̀, ó fi òòlù kan ògiri káàkiri, ó sì fi etí sí i. Ó sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé àti fún èmi pé ṣíṣí páìpù ti dín ìfúnpá tó wà lẹ́yìn ògiri kù, ṣùgbọ́n ògiri tó bá ti yọ ikùn kì í tún padà tọ́. Wọn kò ní fọwọ́ kàn án nígbà tí ilẹ̀ ṣì kún fún omi. Bí òjò bá ti dá, wọ́n á tú u láti òkè wálẹ̀, wọ́n á da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí omi lè máa rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀, wọ́n á tún un mọ, wọ́n á sì fi àwọ̀n irin bo ẹnu páìpù kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ti kọ̀wé sí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun àti àwọn ènìyàn òun wo ògiri gbogbo ilé-ìwé tó wà ní ìdí òkè ní Lokoja nígbà ọlidé, kí wọ́n sì ṣí èyíkéyìí tí wọ́n bá ti dí. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ní àwọn ti gba ìwé náà, iṣẹ́ àyẹ̀wò náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní kété tí àwọn ọmọ bá ti gba ọlidé. Títí ìgbà náà, yàrá ẹ̀yìn yóò wà ní títì, kíláàsì kejì yóò sì máa ṣe ìdánwò wọn ní gbọ̀ngàn, pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta.